Bí Ohùn Ìsàlẹ̀ Ìlù Ṣe Wọ Inú Àwo

Bí bàtá bá ń dún ní Kúta, tí ẹnìkan sì ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìwó, ohùn omele kọ́ ni yóò kọ́kọ́ kàn án létí. Omele ń ta pàrà-pàrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri, igi àti afẹ́fẹ́ á ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn rẹ̀ kó tó jìnnà. Ojú òjò ìyáàlù, ìyẹn ojú ńlá tí onílù ń fi ọwọ́ lù, ló máa ń ṣíwájú dé. Ohùn ìsàlẹ̀ a máa yí ilé po, a máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó sì lè bá àgbẹ̀ lóko kí onítọ̀hún tó mọ irú ìlù tó ń gbọ́. Àwọn ará ìlú Òwu yìí, tí Olówu Kúta ń jọba lé lórí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, kò dúró de onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan kí wọ́n tó mọ ìyẹn.

Àmọ́ ohùn tó ń rìn jìnnà jù lójúde yìí gan-an ló pẹ́ jù kó tó rọ́nà wọ inú àwo orin. Láti ìgbà tí àwọn Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sínú àwo títí di nǹkan bí ọdún 1966, ìlù orí àwo lẹ́nu, kò níkùn. Ìtàn bó ṣe wá níkùn gba ilé àlùfáà kan ní Abẹ́òkúta kọjá, ó ya ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì yọ sí Àpápá.

Àlùfáà náà ni Josiah Jesse Ransome-Kuti. Ní 1922 ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba orin ẹ̀mí 43 sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Dùrù ló ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ìlù kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀sìn lè ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, torí àwọn ìjọ ìgbà yẹn kì í fẹ́ gbọ́ dùndún ní tòsí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní àlùfáà fẹ́ ìlù, ẹ̀rọ kò ní gbà á. Máìkì kò tíì dé inú iṣẹ́ àwo nígbà náà. Ìwo ńlá onírin kan ni olórin ń kọjú sí; agbára ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti abẹ́rẹ́ tó ń la ipa sára ìda rírọ̀. Ìwo yẹn kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá sì lu ìlù ńlá níwájú rẹ̀, abẹ́rẹ́ lè ta kúrò lójú ipa, kí ìda bàjẹ́, kí gbogbo wọn tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà náà jẹ nínú ìyà yìí. Ní 1923, nígbà tí ẹgbẹ́ King Oliver lọ gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò Gennett ní ìlú Richmond, ní Indiana, Baby Dodds tó jẹ́ onílù wọn kò lè lo ìlù ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀. Igi gbígbẹ́ kékeré ló ń lù dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìlù tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yìí kì í ṣe nǹkan tuntun mọ́ lọ́jọ́ náà: láti 1909 ni William F. Ludwig ti ń ṣe pẹ́dà rẹ̀ tà ní Chicago. Onílù ní ìlù, ó ní pẹ́dà, ó ní ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ni kò ní etí.

Etí dé ní 1925, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gba orin sílẹ̀. Máìkì wọlé, ìwo jáde. Ní 1928, Domingo Justus kọrin Yorùbá fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì di 1936, Tunde King ti ń kọ jùjú sínú àwo Parlophone ní Èkó. Ẹ wo ohun tí ẹgbẹ́ Tunde King kó dání: gìtá-báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù jùjú fúnra rẹ̀ tó ṣeé fi ọwọ́ kan gbé sókè. Ohun èlò pálọ̀ ni gbogbo wọn, ohun tí wọ́n lè lù níbi àríyá nínú yàrá tí ẹni tó ń kọrin kò fi ní pariwo. Ó tún wá jẹ́ irú ohun èlò tí máìkì ìgbà yẹn fẹ́ràn.

Gángan kò wọ inú jùjú títí di 1948, nígbà tí Akanbi Ege mú un wá. Ní ọdún kejì, Ayinde Bakare so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga. Christopher Waterman, onímọ̀ orin ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé kan lórí jùjú ní 1990, rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì so kọ́ra: nígbà tí máìkì àti ẹ̀rọ ti lè gbé ohùn akọrin àti gìtá lékè, àyè wá gba ìlù láti pọ̀ sí i. Èyí yẹ fún àfiyèsí, nítorí àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó ló lé ìlù wa sẹ́yìn. Nínú jùjú, ẹ̀rọ yẹn gan-an ló pe ìlù wọlé.

Ṣùgbọ́n ó pè é wọlé láìjẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ní 1953, ilé-iṣẹ́ Folkways ní New York gbé àwo ìlù Yorùbá kan jáde tí William Bascom gbà sílẹ̀, tí ìgbìn, dùndún, bàtá àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ iyebíye ni. Àmọ́ bí gbogbo iṣẹ́ irú rẹ̀ nígbà náà, etí kan ṣoṣo ló gbọ́ odindi ẹgbẹ́ onílù lẹ́ẹ̀kan náà, etí yẹn sì gbọ́dọ̀ jìnnà díẹ̀ kó tó lè gbọ́ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ máìkì kì í sì gbọ́ bí etí èèyàn ṣe ń gbọ́ lójúde: ohun tó bá jìnnà sí wọn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fúyẹ́.

Àpótí tí àwọn èèyàn fi ń gbọ́ orin kò tún ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Láti 1935 tí Rediffusion ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, asọ̀rọ̀mágbèsì ni ọ̀pọ̀ ilé mọ̀: àpótí onígi kan, sípíkà kékeré kan nínú rẹ̀. Rédíò WNBS tún dé ní Ìbàdàn ní 1959, àwọn ará Ìwó àti agbègbè rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń gbọ́ ọ. Sípíkà tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ kò lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti sọ ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Nígbà tí Haruna Ishola, olórin àpàlà tí wọ́n ń pè ní Baba Gani, ṣe *Oroki Social Club* fún Decca ní 1971, tó fi ki ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Òṣogbo kan, àwo náà tà bí nǹkan míì. Kò sí ojúde àríyá ní agbègbè Ọ̀ṣun tí kò dé. Ohùn Baba Gani, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Àgídìgbo tó jókòó sí ìsàlẹ̀ orin náà ni èèyàn ní láti wá pẹ̀lú sípíkà tó dára.

Wàhálà àpàlà fún ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni pé olórin jókòó sí àárín, àwọn onílù yí i ká. Bí máìkì bá jẹ́ ẹyọ kan, tí wọ́n sì sún un mọ́ ìlù, ohùn akọrin á rì. Bí wọ́n bá sún un mọ́ akọrin, ìlù á di ará ẹ̀yìnkùlé. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ni ọba. Nítorí náà ìlù ló ń sún sẹ́yìn.

Lọ́ńdọ̀nù ni ìdè náà ti kọ́kọ́ tú, ọmọkùnrin tó tú u kò sì ju ẹni ogún ọdún lọ. Ní 1931, ilé-iṣẹ́ tó ni Zonophone, ìyẹn àwọn tó gba orin Ransome-Kuti sílẹ̀, darapọ̀ mọ́ òmíràn ó sì di EMI. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí sítúdíò wọn ní Abbey Road. Ilé òfin ni ibẹ̀. Àwọn ìnjíníà rẹ̀ ń wọ kóòtù funfun bíi dókítà, ọ̀kan nínú òfin wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé máìkì sún mọ́ ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Òfin náà kì í ṣe ìwà agídí lásán. Bí onílù bá tẹ pẹ́dà, kì í ṣe ohùn nìkan ló ń jáde níwájú ìlù, afẹ́fẹ́ gidi ni. Ẹni tó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ìlù bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára. Máìkì olówó ńlá kan sì wà nígbà náà tó jẹ́ pé ewé irin tín-ín-rín kan ló ń gbọ́ ohùn nínú rẹ̀, ewé tó fẹ́lẹ́ débi pé èémí líle lè nà án kó má padà sípò mọ́.

Ní oṣù kẹrin 1966, Geoff Emerick, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ìnjíníà àwọn Beatles, rú òfin náà. Ó ki súwẹ́tà onírun kan tó ní ọrùn mẹ́rin bọ inú ìlù ẹlẹ́sẹ̀ Ringo Starr kí awọ má baà máa hó gbọnrangandan, ó sì gbé máìkì AKG D20 sún mọ́ ọn dáadáa. Ohùn tó jáde kúrú, ó wúwo, ó sì dúró sójú kan. Àwọn ọ̀gá EMI kọ ìwé sí i. Wọ́n gbà kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fún orin àwọn Beatles nìkan. Ìjọba òyìnbó ní tòótọ́: wọ́n gbà pé ohun tó ṣe dára, wọ́n tún kọ̀wé pé kò gbọdọ̀ tàn kálẹ̀.

Ó tàn kálẹ̀ kíákíá. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè nípa irú máìkì tó yẹ ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ti di ìbéèrè gidi, torí ẹni tó bá dúró jìnnà kò nílò láti yan ohunkóhun. Awọ ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 50 sí 80 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ ni ikùn rẹ̀ wà. Ibi tí orí pẹ́dà ti ń kan awọ, tó ń dún kọ́, ga ju ìyẹn lọ fíìfíì, láàárín 2,000 sí 5,000. Máìkì tó bá máa gbọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ní etí tó fẹ̀, kó sì lè fara da ìlùkulù. AKG, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Vienna ní 1947, ti ṣe D12 jáde láti 1953, èyí tí ọ̀pọ̀ ìnjíníà gbé fún iṣẹ́ náà. Electro-Voice ṣe RE20 ní Amẹ́ríkà ní 1968. Òun kì í fi kún ohùn ìsàlẹ̀ nígbà tí a bá sún mọ́ ọn, nítorí náà ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ṣe fẹ́ràn rẹ̀, àwọn onílù náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1986 AKG tún gbé D112 jáde, èyí tó rí roboto bí ẹyin.

Àwọn ọmọ Àyàn kò ní ka ọ̀rọ̀ yìí sí àjèjì. Ìyáàlù bàtá náà lójú méjì: ojú òjò tó fẹ̀, àti ṣáṣá tó kéré, èyí tí bílálà ń ta sí. Ojú òjò ń sọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, ṣáṣá ń gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ kó lè yé èèyàn. Ẹni tó bá gbé máìkì kan ṣoṣo sí ojú òjò yóò gba ikùn ìlù láìgba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbé e sí ṣáṣá yóò gba ìró bílálà tó ń ta bí ẹgba. Irú ìpín kan náà ló wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ìlù ẹlẹ́sẹ̀.

Ní 1971, ọmọ-ọmọ Àlùfáà Ransome-Kuti wọ Abbey Road. Fela àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba *Fela's London Scene* sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì tún ṣe àwo *Live!* pẹ̀lú onílù òyìnbó Ginger Baker níbẹ̀ lọ́dún kan náà. Ilé-iṣẹ́ kan náà, ìdílé kan náà, ọdún 49 lẹ́yìn orin ẹ̀mí àti dùrù. Ẹni tó jókòó sídìí ìlù ni Tony Allen, ọmọ Èkó tó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ rédíò kó tó sọ ìlù di iṣẹ́ òòjọ́. Ẹsẹ̀ Tony Allen kì í tẹ pẹ́dà bí ẹni ń gún iyán. Ó ń fi í dá sí ọ̀rọ̀: á sọ díẹ̀, á dákẹ́ níbi tí èèyàn ń retí rẹ̀, á wá bọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Máìkì tó bá ń fún irú onílù bẹ́ẹ̀ ní ìró gbìì-gbìì nìkan ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ohun tó dùn létí nínú àwọn àwo ìgbà náà ni pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣeé tẹ̀ lé bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ lé ẹnu ìyáàlù.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ìtàn náà yí wálé. Ní oṣù kẹjọ 1973, Paul McCartney, tó ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Beatles, kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, wá sí sítúdíò EMI ní Wharf Road, Àpápá, láti ṣe *Band on the Run*. Onílù rẹ̀ ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, nítorí náà McCartney fúnra rẹ̀ ló lu ìlù. Ìnjíníà tó mú lọ́wọ́ ni Geoff Emerick.

Títí dòní, bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìrìn-àjò yẹn, ohun tí ẹnu ń dá lé ni àwọn olè tó fi ọ̀bẹ gba kásẹ́ẹ̀tì orin lọ́wọ́ McCartney àti ìyàwó rẹ̀, bó ṣe dákú ní sítúdíò, àti bí Fela ṣe fẹ̀sùn kàn án pé orin wa ló wá jí. Ìtàn aládùn ni. Ó kàn jẹ́ pé ọkùnrin tó kọ́kọ́ gbé máìkì sẹ́nu ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ní Abbey Road jókòó ní Àpápá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi ìyẹn ṣe ìtàn. Ẹ̀rọ tó bá níbẹ̀ kò ní ju ojú ipa mẹ́jọ lọ. Bí ìlù bá gba méjì nínú rẹ̀, ohùn, gìtá, dùrù àti gbogbo ìyókù ni yóò pín mẹ́fà tó kù. Ní Ìkẹjà, Ginger Baker ti ṣí sítúdíò tirẹ̀ nínú oṣù kìíní ọdún yẹn, tí ojú ipa 16 wà níbẹ̀. McCartney lọ ṣe orin kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ginger Baker, ọ̀kan nínú àwọn onílù tó lókìkí jù láyé, kò sì jókòó sídìí ìlù lọ́jọ́ náà. Agolo tí wọ́n rọ òkúta wẹ́wẹ́ sí ló ń mì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ipa ń pọ̀ sí i. Haruna Ishola kó owó àpàlà jọ, ó sì ṣí sítúdíò Phontoria ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, olójú ipa 24. Ẹni tí gbogbo ìlù rẹ̀ ti ń pín máìkì lò láti 1948 wá ní ibi tí ìlù kọ̀ọ̀kan ti lè ní ti ara rẹ̀. Ní 1982, Sunny Ade, ọmọ tí wọ́n bí sí Òṣogbo, gba *Juju Music* sílẹ̀ ní Lomé fún ilé-iṣẹ́ Island. Nínú àwo yẹn, gángan, gìtá àti ìlù òyìnbó ò ti ara wọn; èèyàn lè fi etí yan èyí tó bá wù ú. Kollington náà kó bàtá wọ inú fújì, ọ̀rọ̀ ojú òjò àti ṣáṣá sì di ti ilé-iṣẹ́ àwo lójú pálí.

Lónìí, kò sí ìdí tí ẹni tó wà ní Kúta yóò fi lọ sí Àpápá kó tó lè gba ìlù sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so máìkì mọ́, àti ìlù òyìnbó tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ti tó. Ọ̀kan nínú àwọn máìkì tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa ni Shure SM58, tí wọ́n ti ń tà láti 1966. Iṣẹ́ ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe é fún: láti ìgbà 50 sí 15,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ilé-iṣẹ́ náà kọ sára ìwé rẹ̀, bó bá sì ti ń súnmọ́ 50 ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Beta 52, tí wọ́n ṣe fún ìlù ẹlẹ́sẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 20, ó sì tán ní 10,000. Ìwé méjèèjì ti sọ èyí tó yẹ fún ìlù, ṣùgbọ́n owó wọn kò dọ́gba.

Ẹni tí owó kò bá dé ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní ọ̀nà kan. Sípíkà àti máìkì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lódìkejì: ọ̀kan ń gba iná ó ń ti afẹ́fẹ́, èkejì ń gba afẹ́fẹ́ ó ń mú iná jáde. Ní 1966 yẹn kan náà, ní Abbey Road, ìnjíníà kan níbẹ̀, Ken Townsend, so sípíkà bíi máìkì, Emerick sì fi gba gìtá báàsì McCartney sílẹ̀ nínú *Paperback Writer*. Àwọn ìnjíníà tó dé lẹ́yìn wọn yọ ojú sípíkà Yamaha NS10, wọ́n gbé e síwájú ìlù ẹlẹ́sẹ̀. Kò gbọ́ ju ìsàlẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ dá iṣẹ́ náà ṣe. Àmọ́ oníṣẹ́ rédíò èyíkéyìí ní ọjà Ìwó ló lè so ojú sípíkà àlòkù mọ́ wáyà.

Ibi tí ìṣòro wà báyìí ni fóònù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ orin ń gbọ́ ọ láti inú sípíkà tó kéré ju ti asọ̀rọ̀mágbèsì lọ, èyí tí kò lè sọ ohùn 60 jáde rárá. Kọ́-kọ́ orí pẹ́dà nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn èèyàn kan náà á tún lọ síbi ìnáwó tí wọ́n ti háyà sípíkà tó ga tó ọkùnrin, níbi tí ikùn ìlù ti ń mi àga. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń gbé máìkì méjì sí ìlù ẹlẹ́sẹ̀ kan: ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tí orí pẹ́dà ti ń kan awọ, fún àwọn onífóònù, èkejì níta, níwájú awọ kejì, fún sípíkà ńlá. Wọ́n á wá jẹ́ kí onílù máa tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa sún ti ìta síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, torí bí ọ̀kan bá ń gbọ́ awọ bó ṣe ń bọ̀, tí èkejì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ, ohùn méjèèjì á pa ara wọn, ìsàlẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ pòórá.